Ta Ló Pa Ẹja Náà? Ìtàn Ìpẹja Fàájì Láti Avalon Dé Erékùṣù Bijagós

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Okúdù ọdún 1898, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Frederick Holder jókòó sínú ọkọ̀ kékeré kan létí erékùṣù Santa Catalina, tí ó wà lójú òkun níwájú ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀pá ìpẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì so mọ́ ọn. Ẹja túnà ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, ó sì ń wọ́ ọkùnrin náà tọkọ̀-tọkọ̀ kiri ojú òkun fún bí wákàtí mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n gbé ẹja náà sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógíráàmù 83, èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀ lọ. Ní ọdún náà gan-an ni Holder àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Avalon, ìlú kan ṣoṣo tí ó lórúkọ ní erékùṣù náà, wọ́n sì pè é ní Tuna Club.

Ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Òun ló ń tu ọkọ̀, òun ló sì mọ ibi tí túnà ń gbà kọjá ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ka ìtàn yìí lónìí, Holder nìkan ni wọ́n ń mẹ́nu bà. Ibi tí mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ yẹ̀ wò nìyẹn, nítorí pé láti Avalon ni òwò kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ tí ó ti yí gbogbo ayé ká báyìí: òwò kí ẹni tí ó lówó lọ lo ìsinmi rẹ̀ ní erékùṣù tí oòrùn ti ń ràn, kí ó háyà ọkọ̀ pẹ̀lú atukọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sójú agbami, kí ó lọ bá ẹja ńlá jìjàkadì fún ìgbádùn.

Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì sí ẹni tí a bí sí Ìlógbò-Èkìtì bí tèmi. Ní agbègbè wa, láti Ìdó dé Ìjerò, láti Aràmọkọ dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè la mọ̀, a kò mọ òkun. Òkun tí ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, inú páálí ló ń gbà dé: Títọ́ọ̀sì, kótè àti sáwá tí yìnyín ti sọ di òkúta, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí tábìlì, àti pánlá gbígbẹ tí ó ti ilẹ̀ Norway wá. Ẹja tí àwa ọmọdé ń fọwọ́ ara wa pa nínú odò kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, okùn ọ̀rá, ìwọ̀ àti ekòló, ó tán. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa nígbà náà pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó pẹja, tí wọ́n á sì tún tú ẹja náà sílẹ̀ padà sínú omi bí wọ́n bá pa á tán, à bá bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Síbẹ̀, kí á má yára sọ pé ìwà òyìnbó ni. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìpẹja ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi lónìí. Wọn a fi òfin de odò náà kí ẹja inú rẹ̀ lè dàgbà. Bí ọjọ́ bá pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á kó sómi lẹ́ẹ̀kan náà, tàwọ̀n tìgbá lọ́wọ́, ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù lọ ni ó gba ẹ̀bùn. Àjọ UNESCO fi àjọ̀dún yìí sínú àkójọ àwọn ohun àjogúnbá ọmọ ènìyàn ní ọdún 2016. Eré ni, ìdíje ni, ó sì dùn-ún wò. Ohun kan ló yà á sọ́tọ̀ gedegbe sí ti Avalon: ní Argungu, ẹni tí ó wọ omi ni ó ni ẹja, òun náà ló sì ni òkìkí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpẹja fàájì ti wà létí odò tipẹ́tipẹ́. Ìwé tí Izaak Walton kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1653, wọn kò sì tíì dẹ́kun títẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja odò ni gbogbo ìyẹn. Ẹja ńlá inú òkun, iṣẹ́ àwọn apẹja tí ń jẹun lórí rẹ̀ ni, okùn nínípọn tí a ń fi ọwọ́ lásán fà ni wọ́n sì ń lò. Àwọn àlejò tí ń wá sí Catalina nígbà ayé Holder náà ń lo irú okùn bẹ́ẹ̀. Wọn a pa ẹja rẹpẹtẹ ní wákàtí díẹ̀, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣòfò. Inú Holder bàjẹ́ sí èyí. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun ni, òǹkọ̀wé sì ni. Òfin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀pá àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lò, kí ẹja náà lè ní ànfààní láti já a gbà. Mo gbà pé àánú wà nínú òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun mìíràn tí ó ṣe: láti ìgbà náà lọ, bí a ṣe pa ẹja ti wá ṣe pàtàkì ju ẹja fúnra rẹ̀ lọ, àwọn tí wọ́n sì ní owó ọ̀pá, owó ọkọ̀ àti àkókò ìsinmi ni wọ́n ń sọ bí ó ṣe yẹ kí á pa á.

Ẹ̀rọ mọ́tò dé, ó yí òwò náà padà. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì lè lọ jìnnà, kí ó sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọdún 1913, William Boschen fi ọ̀pá pa swordfish, ẹja tí ẹnu rẹ̀ gùn bí idà, ní òkun Catalina kan náà. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógíráàmù 161, òun sì ni ìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọ̀pá pa irú rẹ̀. George Farnsworth ni atukọ̀ rẹ̀. Farnsworth yìí ló ronú kan ọgbọ́n kí á so ìjẹ mọ́ káìtì, kí afẹ́fẹ́ gbé e jìnnà sí ọkọ̀, kí ó máa ta pọ́ún-pọ́ún lórí omi bí ẹni pé ẹja kékeré ni ó ń sá fún ikú. Ẹja ńlá tí ariwo ọkọ̀ ti lé sẹ́yìn á wá ré lu ìjẹ náà. Atukọ̀ ló ni ọgbọ́n yìí, ẹ jọ̀wọ́. Òun ló ni ojú tí ó rí ẹja, ọpọlọ tí ó ronú àti ọwọ́ tí ó darí ọkọ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn òǹkọ̀wé wọ ọ̀rọ̀ náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn kọjá ààlà. Zane Grey, tí ìwé ìtàn rẹ̀ nípa àwọn adaran-gẹṣin ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà sọ di olówó, lọ sí New Zealand ní 1926, ó sì kọ̀wé nípa ibẹ̀ títí àwọn àlejò fi ń rọ́ lọ. Ní ọdún 1930, ní Tahiti, ó pa marlin kan tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 470, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja ekurá ti bù jẹ lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Marlin yìí ni ọba nínú ẹja fàájì: ẹnu rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, bí ìwọ̀ bá sì ti gbé e, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde nínú omi. Èyí tí ó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ nínú àtẹ, Cabo Blanco ní ilẹ̀ Peru ni wọ́n ti pa á ní 1953. Ó tó kìlógíráàmù 707, bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rìnlá. Alfred Glassell ni orúkọ tí ó wà níbẹ̀, ọlọ́rọ̀ tí epo rọ̀bì sọ di ẹni ńlá ní Texas.

Ernest Hemingway ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Ní 1934 ó ra ọkọ̀ tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní Pilar, ó sì gbé e lọ sí Bimini ní Bahamas ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìbọn arọ̀jò-ọta ni ó fi ń yin àwọn ekurá tí wọ́n bá fẹ́ ba ẹja rẹ̀ jẹ́. Ìwé rẹ̀ nípa arúgbó apẹja ará Cuba kan jáde ní 1952, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954. Ẹni tí ó ń wa Pilar fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Gregorio Fuentes. Ọmọ erékùṣù Lanzarote ni, nínú àwọn erékùṣù Canary tí kò jìnnà sí etíkun Áfíríkà tiwa yìí, tí ó sì di ará Cuba. Fuentes gbé ayé títí di 2002, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ìgbà ogbó rẹ̀ ní abúlé Cojímar, àwọn arìnrìn-àjò ló ń wá wò ó, wọn a sì san owó díẹ̀ fún un kí ó lè sọ̀tàn ọ̀gá rẹ̀ fún wọn. Ìtàn ọ̀gá rẹ̀ ni o, kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún 1939 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní New York, èyí tí a mọ̀ sí IGFA, tí ó ń tọ́jú àtẹ ẹja tí ó wúwo jù lọ ní irú kọ̀ọ̀kan. Òfin wọn le. Láti ìgbà tí ẹja bá ti gbé ìwọ̀, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá náà títí a ó fi fa ẹja súnmọ́ ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, ẹja náà kò wọ inú àtẹ mọ́. Mo lóye ìdí rẹ̀, ìdíje kò gbọ́dọ̀ ní màgòmágó. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹja tó gbé ìwọ̀. Ta ló jí ní ìdájí? Ta ló mọ̀ pé omi ti yí àwọ̀ padà ní apá ibí, pé ẹyẹ ń rá bàbà lápá ọ̀hún, pé ìgbì òní kò ní jẹ́ kí ẹja gòkè? Ta ló fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀? Gbogbo èyí ni atukọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe, òfin gbà wọ́n láàyè. Ohun tí ó kù fún àlejò ni kí ó fà. Ẹni tí ó fà ni àtẹ sì ń kọ orúkọ rẹ̀.

Kò jẹ́ pé kò sí atukọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ là já. Ní Bimini kan náà, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan wà, Ansil Saunders, tí ó ń kan ọkọ̀, tí ó sì ń mú àlejò lọ pẹja nínú omi tí kò jìn láàárín igi ẹ̀gbà. Ní ọdún 1964, Martin Luther King bá a wọ ọkọ̀ lọ sí ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n sọ pé ó ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nígbà tí yóò gba ẹ̀bùn Nobel. Ó tún padà lọ ní 1968, kí wọ́n tó pa á. Lónìí, bí ẹ bá dé Bimini, orúkọ Saunders kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí yóò mú yín yí ìlú ká. Bahamas wà lómìnira láti 1973, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló sì ń sọ̀tàn ara wọn. Mo rò pé èyí kópa nínú rẹ̀.

Ó wá ku ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé òkun wa jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí àwọn olówó Yúróòpù ń fojú sọ́nà fún. Wọ́n ń lọ sí Dakar nítorí sailfish, ẹja tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí bí ìgbòkun. Wọ́n ń lọ sí São Vicente ní Cape Verde nítorí marlin. Ẹja mìíràn tún wà tí a ń pè ní tarpon, tí ìpẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tí ń yọjú mí afẹ́fẹ́ lókè omi, tí ó ń gbé láti Senegal títí dé Àǹgólà, tí ó sì máa ń wọ ẹnu odò àti ọ̀sà. Ní 1991, ní erékùṣù Sherbro ní Sierra Leone, wọ́n pa ọ̀kan tí ó bá èyí tí ó tóbi jù láyé dọ́gba. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà ní ọdún yẹn gan-an, àlejò sì tán ní Sherbro. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2003 ni ará ìta kan pa tarpon mìíràn ní Rubane, nínú àwọn erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 130. Òun ló wà lókè àtẹ láti ìgbà náà wá. Ọjọ́ tí wọ́n pa á wà nínú àtẹ, ibi tí wọ́n ti pa á wà níbẹ̀, orúkọ àlejò náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní Bijagós. Erékùṣù 88 ni wọ́n, bí ogún nínú wọn ni ènìyàn ń gbé tọdún-tọdún. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn Potogí fi gbogbo ẹnu sọ pé àwọn ti ṣẹ́gun wọn títí di 1936. Àwọn erékùṣù kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ ilẹ̀ òrìṣà: a kò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ sìnkú síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kán síbẹ̀. Nítorí èèwọ̀ yìí ni ìjàpá òkun fi ń yé sí erékùṣù Poilão ní iye tí kò wọ́pọ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Kò sí ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ wọn ní ayé àtijọ́. Ní ọdún 2025 ni UNESCO fi Bijagós sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Èyí kò lè ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Odò Ọ̀ṣun tí ó ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, bí ó bá dé Òṣogbo, ẹja inú rẹ̀ di èèwọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun. Oyè ọba ibẹ̀ pàápàá, Àtáọ́ja, ìtàn sọ pé láti ara ‘a-tẹ́wọ́-gba-ẹja’ ni ó ti wá, nítorí ẹja tí odò fi ránṣẹ́ sí ọba àkọ́kọ́. Ẹja tí a kò gbọ́dọ̀ pa jẹ́ ọ̀nà kan tí baba wa ń gbà fi ẹja pamọ́ fún ọ̀la, yálà wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò sọ.

Àwọn ilé ìgbafẹ́ ìpẹja tí wọ́n wà ní Bijagós ńkọ́? Ọwọ́ àwọn ará Faransé ni púpọ̀ nínú wọn wà. Kí á sọ òtítọ́, ibi tí iṣẹ́ ti wọ́n, wọ́n ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ níṣẹ́ atukọ̀, alásè àti olùtọ́jú ilé. Àwọn kan nínú wọn tún máa ń tú ẹja sílẹ̀ padà. Ẹja kan tí a tú sílẹ̀ lè mówó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí ọkọ̀ àjèjì ńláńlá fi àwọ̀n wọ́ lọ ní òru, ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ọlọ́pàá ìpẹja ni n ó mú. Ṣùgbọ́n wọn kò fi mí ṣe adájọ́ láàárín àwọn méjì yẹn nìkan. Ẹnì kẹta wà níbẹ̀, ọmọ onílé.

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílé yìí ló gbé mi dé Nàìjíríà. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ fún òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀, wọ́n sì fi Adégbóyèga Oyètọ́lá, ọmọ Ìràgbìjí tí ó ti jẹ gómìnà Ọ̀ṣun, síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ etíkun ti ń gba orí afẹ́fẹ́. Kò burú. Omi tí ẹja ńlá ń fẹ́ wà lọ́dọ̀ wa. Lábẹ́ òkun níwájú Lẹ́kkí àti níwájú ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àfonífojì jíjìn méjì wà tí ó gbé agbami súnmọ́ etíkun. Lórí àwòrán àwọn onímọ̀ nípa òkun, Avon ni wọ́n pe ti Lẹ́kkí. Ti Ìlàjẹ, orúkọ Màhín, ìlú àwọn Ìlàjẹ, ni ó ń jẹ́.

Àwọn Ìlàjẹ ti ń ba omi yìí sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ lé ẹja dé Kamẹrúùnù àti Gàbọ̀n. Òfin ìpẹja òkun ti ọdún 1992 sọ pé ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n kò gbọ́dọ̀ pẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ sí etíkun, ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti apẹja kékeré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá àwọn ọkọ̀ náà ń gbọ́ràn. Lẹ́bàá Màhín kan náà ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n sì ń kan ọkọ̀ fúnra wọn. Òkun ti gbé ilé wọn lọ títí, ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́, àní ibojì pàápàá. Ògiri tí wọ́n ṣèlérí láti fi dá òkun dúró kò yọjú.

Èkó ti fi hàn wá bí ó ṣe lè rí bí a kò bá ṣọ́ra. Ní Tarkwa Bay, etíkun tí àwọn olówó ń wọ ọkọ̀ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn tí ń wa ọkọ̀, tí ń yan ẹja, tí ń háyà àga fún àlejò ti ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi dé, wọ́n ní nítorí àwọn tí ń fọ́ ọ̀pá epo ni, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde kúrò nílé wọn ní wákàtí díẹ̀. Etíkun ṣì wà níbẹ̀ di òní, àlejò sì ń lọ.

Nítorí náà, bí mínísítà tàbí gómìnà kan bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti máa gbé àlejò lọ pẹja níwájú Màhín tàbí Lẹ́kkí, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn apẹja Ìlàjẹ, ti Èpé àti àwọn Ògù Bàdágírì jókòó. Kí ìwé àṣẹ ọkọ̀ wà ní orúkọ tiwọn, kì í ṣe ní orúkọ ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́. Kí wọ́n sọ fún ìjọba apá ibi tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àti oṣù tí a kò gbọ́dọ̀ wọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹja ńlá kan bá sì dé èbúté ní ọjọ́ kan, tí a gbé e kọ́, tí àwọn oníròyìn dé pẹ̀lú kámẹ́rà, kí ẹni tí yóò kọ ìròyìn náà béèrè orúkọ atukọ̀ kí ó tó béèrè ti àlejò.